Ìsìn ìrántí òpin òwò ẹrú nílẹ̀ wa: ta ni yóò dúpẹ́, ta ni yóò jẹ́wọ́?

Ìyá Akọrin (Ìsánlú):

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ ECWA kan ní apá Ìsánlú níbí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní Amẹ́ríkà fi fídíò ìsìn Juneteenth, ìyẹn ọjọ́ tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ fi ń rántí òmìnira wọn, tí wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa, láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ kò ti jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní kí ló dé tí àwa náà kì í ṣe é. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ ohùn kejì bi mí lẹ́yìn ìgbáradì pé, "Mọ́mì, ṣebí àwa ni wọ́n kó?" N kò rí ohun gidi kan fi dá a lóhùn.

Òótọ́ ni, wọ́n kó wa. Ilé wo ló ti pẹ́ ní Yàgbà, ní Búnú, ní Ìjùmú, ní Ọ̀wẹ̀ tàbí ní Ọ̀wọ́rọ̀ tí kò ní ìtàn ogun Tápà tiwọn? Ìyá tó bí ìyá bàbá mi wà nínú àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bídà, olú-ìlú àwọn Tápà. Bí wọ́n sì ṣe sọ ọ́ fún mi, kì í ṣe ojú ogun ni wọ́n ti mú un. Nígbà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Bídà bá wá gba ìṣákọ́lẹ̀, tí owó ẹyọ kò bá tó, ènìyàn ni wọ́n ń gbà. Ìlú pé jọ, wọ́n ní ilé kọ̀ọ̀kan ni kó mú ẹnì kan wá. Ilé tó lágbára kò mú ọmọ tirẹ̀ wá. Bàbá ìyá wa yìí ti kú, ìyá rẹ̀ kò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ láàárín àwọn àgbà, ni wọ́n bá fa òun lé wọn lọ́wọ́.

Ó padà wálé lẹ́yìn tí Bídà fọ́. Ó ti di àgbàlagbà, Tápà yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju èdè wa lọ. Àwọn tó fà á lé wọn lọ́wọ́ ṣì wà láàyè, odò kan náà ni wọ́n jọ ń pọnmi. Ìyá bàbá mi ní kò bá wọn jà rí, ṣùgbọ́n kò fẹnu kan oúnjẹ ilé wọn títí ó fi kú.

Ìsìn ìdúpẹ́ lásán kò le, ọwọ́ wa ti mọ́ ọn. Àwọn tí yóò jókòó síbẹ̀ ni mò ń rò. Ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n kó yóò wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹni tó fa ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀ yóò wà níbẹ̀, ọmọ-ọmọ àwọn tí baba wa fúnra wọn fi owó rà tó di ará ilé náà yóò wà níbẹ̀, ìjókòó kan náà ni gbogbo wọn yóò sì jókòó sí. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde kí wọ́n dúpẹ́ fún òmìnira, dídìde wọn kò lè jọra.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ìjọ níbòmíràn ń ṣe gan-an? Kì í ṣe pé wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà. Ohun tí wọ́n ṣe ni mo fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ wo ló sì yẹ wá?

Tíṣà Àgbà (Kàbà):

Ọ̀kún, ìyáa wa. Ìtàn ni mo fi kọ́ ọmọ ilé-ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀.

Ọdún 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ríra àti títa ẹrú lórí òkun, àmọ́ àwọn tó ti wà nínú oko ìrèké ní ilẹ̀ wọn bíi Jàmáíkà kò kúrò níbẹ̀. Òfin tó kàn wọ́n jáde ní 1833, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ 1834. Kódà nígbà náà, wọ́n tún dá ọgbọ́n sí i: wọ́n ní kí àwọn ènìyàn náà ṣì máa sin olówó wọn bí ẹni ń kọ́ṣẹ́. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ 1838 ni wọ́n tó bọ́ pátápátá. Mílíọ̀nù 20 pọ́n-ùn ni ìjọba san gẹ́gẹ́ bí owó gbà-máà-bínú, àwọn olówó ẹrú ni wọ́n sì san án fún. Àwọn tí wọ́n jẹ lára kò gba kọ́bọ̀.

Ní òru tí ọjọ́ òmìnira 1838 yẹn yóò mọ́, ní ìlú Falmouth ní Jàmáíkà, ilé ìsìn Onítẹ̀bọmi tí William Knibb ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ kún dé ẹnu. Agogo méjìlá òru ni wọ́n ń retí. Bí agogo ti ń lù ni Knibb ń ké sí wọn pé ẹranko burúkú náà, ìyẹn oko ẹrú, ń kú lọ; nígbà tó lù tán, ó ní ó ti kú. Wọ́n kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, pàṣán àti irin tí wọ́n ń fi sí ẹrú lọ́rùn sínú pósí, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì sin ín bí ẹní sin òkú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé wọ́n mú nǹkan tí ọwọ́ lè dì mú wọ inú ìsìn. Ọmọdé tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà lè gbàgbé ìwàásù, kò lè gbàgbé pósí yẹn.

Ti Amẹ́ríkà, òru ni òun náà. Ààrẹ Lincoln ti kéde pé bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní 1863 bá ti mọ́, ẹrú tó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jagun ti di òmìnira. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1862, àwọn aláwọ̀ dúdú kó ara wọn jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń dúró dè é. Títí di òní, àwọn ìjọ wọn kì í ya àìsùn ọdún tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára òru yẹn. Ní ti Juneteenth tí ọmọ wa fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, ìlú Galveston ní Texas ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà 1865 ni ọmọ ogun ìjọba tó dé ibẹ̀ láti kéde fún wọn pé wọ́n ti dòmìnira, ó sì ti ju ọdún méjì lọ tí Lincoln ti sọ̀rọ̀. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi.

Èyí tí mo rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yín jù ni ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1710, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì wọn kan jogún oko ìrèké Codrington ní Barbados, òun ti àwọn ẹrú inú rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń rán oníwàásù káàkiri ayé ni o! Wọ́n fi irin gbígbóná tẹ ọ̀rọ̀ "SOCIETY", tó jẹ́ ara orúkọ ẹgbẹ́ náà, sí àyà àwọn ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní 2006, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì dìbò pé kí wọ́n tọrọ àforíjì. Nígbà tí òfin 1807 sì pé 200 ọdún ní 2007, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury àti ti York ló ṣíwájú èrò tó fi ẹsẹ̀ rìn la Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Sentamu tó jẹ́ ti York nígbà náà, ọmọ Uganda ni.

Ìyá Akọrin, ibẹ̀ ni kí ẹ ti mú àpẹẹrẹ. Ìtàn ìyáa yín kò jọ ti ẹni tí ọ̀tá nìkan ṣe níbi. Àwọn ará ilé rẹ̀ ló yàn án. Bí ẹ bá fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ó fipá mú un dárí ji àwọn tí kò bẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kí ìjẹ́wọ́ ṣáájú, kí ó sì ti ẹnu àwọn àgbà wá, kì í ṣe ẹnu àwọn ọmọdé tí kò mọ nǹkan kan.

Nílé wa níhìn-ín, oṣù Kìn-ín-ní 1897 ni àwọn ọmọ ogun Tápà tó ti fi Kàbà ṣe ibùdó sá kúrò, nígbà tí Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Royal Niger Company, kó ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà bọ̀. Kí oṣù náà tó parí, Bídà ti ṣubú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa tó wà ní àwọn abúlé ẹrú tó yí Bídà ká gbéra, wọ́n forí lé ilé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù fún yín pé ìfẹ́ wa ló mú ilé-iṣẹ́ yẹn wá, nítorí òwò ni wọ́n ṣe wá. Lẹ́yìn ìyẹn, òfin tí Lugard, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá, ṣe ní 1901 sọ pé ọmọ tí wọ́n bá bí lẹ́yìn ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún náà kì í ṣe ẹrú. Àwọn tí wọ́n ti bí ṣáájú ńkọ́? Ọdún 1936 ni òfin tó pa á rẹ́ pátápátá ní Àríwá tó jáde. Àwọn kan tó wà láyé nígbà yẹn ṣì wà láàárín wa lónìí.

Ọmọ Mọ̀pà:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Ẹ má bínú, n kò fara mọ́ èyí.

Ohun tí Jésù ti fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wẹ̀ nù, kí la tún ń wú u jáde fún? Àwọn Tápà tí ẹ ń sọ yìí, àna wa ni wọ́n. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ Kristẹni bíi tiwa. Bí Áńtí mi kan tó fẹ́ ará Pàtẹ́gì bá gbé ọkọ rẹ̀ wá sí irú ìsìn bẹ́ẹ̀, ojú wo ni yóò fi wo ìjọ? Ọ̀rọ̀ ìlú sì tún nìyí, tí ẹ ní kí àwọn àgbà jẹ́wọ́. Ẹ ẹ̀ mọ̀ pé lẹ́yìn ìsìn ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé tó jẹ́ ọmọ bíbí àti ilé tí kì í ṣe ọmọ bíbí? Oyè ni yóò kàn, ilẹ̀ ni yóò kàn. Ohun tó ti sùn, ẹ jẹ́ kó máa sùn.

Ìyá Akọrin (Ìsánlú):

Àbúrò mi, o ṣeun. Ohun tí o sọ kì í ṣe kékeré, òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ṣùgbọ́n kò sùn. Ọmọbìnrin kan wà nínú akọrin mi tí ìdílé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀-ọ́. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀ síta. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ló wá sọ ọ́ sí mi létí nínú yàrá aṣọ akọrin: wọ́n ní bàbá ńlá rẹ̀, ẹni tí wọ́n rà ni. Ọmọ tó kàwé, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń kọrin sí Ọlọ́run lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Àwọn tó kọ̀ ọ́ ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mo sọkún lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá dákẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń sọ ọ́ nínú yàrá aṣọ, ibẹ̀ sì ni ó ti ń pani.

Ìdí tí mo fi fẹ́ ìsìn yìí nìyẹn. Bídà kọ́ ló wà níwájú ọkàn mi. Mo fẹ́ kí ẹnì kan dúró lórí pẹpẹ kó sọ níṣojú gbogbo wa pé kò sí ọmọ ẹrú nínú ilé yìí, àti pé ẹni tó bá tún fi bẹ́ẹ̀ kọ ìyàwó tàbí kọ ọkọ fún ọmọ rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Ará Lọ́kọ́jà:

Ọ̀kún gbogbo ilé. Ìjọ Áńgílíkà ni tèmi, ọmọ Ìyàrá ni mí, Lọ́kọ́jà ni mo dàgbà sí.

Bí ẹ bá wá síbí, ẹ yà sí ọgbà ilé-ìwé Holy Trinity. Àjàyí Crowther ló dá ilé-ìwé náà sílẹ̀ ní 1865. Ibẹ̀ ni Irin Òmìnira wà, tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi sàmì sí ibi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀. Mo mú àwọn ọmọ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa débẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ń bèèrè ohun tí àgbàlagbà kì í bèèrè. Ọ̀kan ní, "Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ tán, ta ni wọ́n lọ bá?"

Mo fi ti Crowther dá a lóhùn, nítorí òun náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kó o ní Òṣogùn ní 1821 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 1822, ọkọ̀ ojú omi ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e sọ̀ sí Sàró. Abẹ́òkúta ló ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní 1846, ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n pín wọn níyà. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Bíbélì Yorùbá tí gbogbo wa ń kà, òun ló ṣíwájú iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ka Sáàmù 126 lọ́jọ́ náà, "Nígbà tí Olúwa mú ìkólọ Síónì padà, àwa dàbí ẹni tí ń lá àlá," ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti dè rí wà nínú iṣẹ́ náà.

Ọmọ Mọ̀pà, ní ti Tápà, Crowther yìí kan náà kọ ìwé àkọ́kà ní èdè Nupe, ìyẹn èdè Tápà. Ẹni tí ogun fọ́ ilé rẹ̀ kò ya èdè kankan sọ́tọ̀ pé ti ọ̀tá ni. Ẹ pe ọkọ Áńtí yín wá kó ka Lúùkù 4:18, níbi tí Jésù ti kéde ìdásílẹ̀ fún àwọn ìgbèkùn, ní Nupe. Bó bá jẹ́ pé òun ló kà á, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ó kù síbì kan. Crowther kú sí Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1891. Ọjọ́ náà ni àwọn ìjọ Áńgílíkà kan fi ń rántí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Tíṣà Àgbà (Kàbà):

Háà! Ará Lọ́kọ́jà, o kú iṣẹ́. Ọjọ́ ti dé nìyẹn. Òru 31 oṣù Kejìlá ni àwọn ti Amẹ́ríkà dúró dè, òun ni òru tí Crowther sùn, ọjọ́ kejì rẹ̀ ní 1900 ni Lugard sì fa àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ kò ní bá wa mu: òjò ni, iṣẹ́ oko ni, àwọn ọmọ kò sí nílé. Òru ọdún tuntun ni gbogbo wọn máa ń ti Àbújá àti Èkó dé, kò sì sí ìjọ kan ní gbogbo ilẹ̀ Okun wa níbí tí kì í ṣe àìsùn.

Àmọ̀ràn kan péré: kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka orúkọ ilé kankan lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ dárúkọ baba tàbí ìyá ńlá tirẹ̀, kó dá a fúnra rẹ̀. Ohun tí Ọmọ Mọ̀pà sọ nípa oyè àti ilẹ̀, òótọ́ ni.

Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbẹ̀:

Ẹ kú ìmọ̀ràn, ẹ̀yin òbí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti ìsinsìnyí sí i. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà, ẹrú ni wọ́n ń lọ ṣe. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń kó láti abúlé wa lọ sí ìlú ńlá, tí wọn kò rán lọ ilé-ìwé, tí owó wọn ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, àwọn kan nínú wọn wà nínú ilé àwa onígbàgbọ́. Ọrẹ òru yẹn ì bá dára bí a bá fi rán irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà síléèwé.

Ọmọ Mọ̀pà:

Bí kò bá sí pé wọ́n ń dárúkọ ilé, tí àna wa sì ń ka Bíbélì, n kò ní wàhálà. Màá bi Áńtí mi.

Ìyá Akọrin (Ìsánlú):

Ẹ̀yin ènìyàn mi, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ bá olùṣọ́-àgùntàn wa àti àwọn alàgbà. Wọ́n jókòó lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, alàgbà kan sì bínú jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù gbà.

Òru 31 oṣù Kejìlá ni. Àwọn alàgbà ọkùnrin àti obìnrin ni yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú, tí wọn yóò jẹ́wọ́ ohun tí àwọn baba wa ṣe, àti èyí tí àwa náà ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Olùṣọ́-àgùntàn fúnra rẹ̀ ni yóò sọ gbólóhùn tí mo bèèrè fún nípa ọmọ ẹrú. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó dọjọ́ náà, ó sì ti kọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fẹ́ yóò dìde dárúkọ ẹni tirẹ̀ tí wọ́n kó lọ. Èmi ni màá kọ́kọ́ dìde. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan tó ń gbé ní Bídà yóò wá bí ọkọ Áńtí Ọmọ Mọ̀pà kò bá lè wá, nítorí náà Lúùkù 4:18 kò ní bọ́. Sáàmù 126 ni yóò kẹ́yìn kí agogo tó lu méjìlá.

Wọ́n kọ pósí. Olùṣọ́-àgùntàn ní kò sẹ́ni nílùú wa tí yóò fẹ́ rí pósí nínú ṣọ́ọ̀ṣì lóru ọdún tuntun, bó ti wù kó ṣófo tó, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Dípò rẹ̀, alágbẹ̀dẹ kan yóò rọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ bíi ti àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ yóò gbé e la àárín ìjọ kọjá kí olúkúlùkù fọwọ́ kàn án. Nígbà tí agogo bá lù, alágbẹ̀dẹ yóò gbà á jáde sí ọgbà, yóò sì fi rọ ọkọ́ tí a ó máa fi ro oko ìjọ. Ọrẹ òru náà, ti owó iléèwé ni, Ọ̀dọ́ Ẹ̀gbẹ̀, a ti fọwọ́ sí i.

Orin ló kù. Mo fẹ́ kí akọrin wa kọ orin Nupe kan lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ègbè nìkan, odindi orin ni. Ìyá ńlá mi máa ń fi Tápà kọrin nígbà tó bá ń lọ ògì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní orin ìsìn Nupe tó rọrùn fún ẹni tí kò gbọ́ èdè náà, kó jọ̀ọ́ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kọ ọ́, kó sì fi ránṣẹ́ sí mi kí oṣù Kẹwàá tó parí, kí n lè rí àyè pín in sí ohùn mẹ́rin.